Kọ́tìnì Tí Kò Ṣeé Ṣí

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú pé mi ò pè. Tí mo bá pè, ìyàwó wa á ti tẹ fóònù kó lè máa pariwo, gbogbo ilé á jókòó yí i ká bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn, mi ò wá ní lè sọ ohun tó ń ṣe mí. Ìwé ló dára. Nínú ìwé, èmi àti ẹ̀yin nìkan ni.

Màmá, ilẹ̀ kì í ṣú níbí mọ́. Mi ò ṣàwàdà. Nígbà tí mo dé, òtútù ni mo ń ròyìn fún yín. Òtútù ti lọ, ìmọ́lẹ̀ ló gba ipò rẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́, oòrùn ṣì wà lórí òrùlé àwọn ará ọ̀ọ́kán. Tó bá wọ̀ náà, ojú ọ̀run ò ní dúdú, òmíràn á tún ti yọ. Àwọn ọmọdé ń gba bọ́ọ̀lù ní ìta ní àkókò tó yẹ kí wọ́n ti máa hanrun. Èmi Abẹ́-Máṣíìnì yín, tó ń sùn lábẹ́ máṣíìnì pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, tí ẹ máa ń fẹsẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó ríbi tẹ pẹ́dàlì, èmi náà ni mo wá dùbúlẹ̀ tí mò ń ka igun àjà.

Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo ṣì wà, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí kò sí fèrèsé kankan. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn tó ń sùn dáadáa ni mò ń lọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tòògbé sídìí áyọ́ọ̀nù, mo jó aṣọ mẹ́ta. Ọ̀gá pè mí, ó ní tí mo bá tún sùn lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí mo bá ń pẹ́ dé, kí n máa lọ. Màmá, tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé ìgbélùú mi náà bọ́ nìyẹn. Ilé ni wọ́n máa dá mi padà sí.

Ìyá onílé mi ló gbà mí. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó kàn wo ojú mi láàárọ̀, ó ní, “Ìwọ ò sùn.” Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú ni ẹnu ọ̀nà oorun. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú wọlé ló ń sọ fún ara pé ọjọ́ mọ́, òkùnkùn ló ń sọ fún un pé iṣẹ́ tó. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá dáwọ́ dúró, ara á máa retí alẹ́ tí kò ní dé. Ọjọ́ yẹn náà ló fa aṣọ dúdú yọ nínú àpótí rẹ̀, ó rán kọ́tìnì fún mi, ó bá mi gbé e kọ́. Mo sùn, Màmá! Ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ṣì ń gba àárín wọlé, níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, ojú mi gan-an ló sì ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n mo sùn. Màmá ni mò ń pè é báyìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ yín,
Abẹ́-Máṣíìnì

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Abẹ́-Máṣíìnì,

Ìwé rẹ dé. Ara wa le. Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, ìyàwó rẹ̀ kí ọ. Ó tán.

Ta ni Màmá?

Mo nu awò ojú mi, mo tún ibẹ̀ kà. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kò fẹ́ orogún lé mi títí ó fi lọ. Ìwọ tí mo fi inú mi bí lo wá fẹ́ orogún fún mi lókè òkun, o sì tún ní kí n bá ọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pé o sùn, mo dúpẹ́. Kì í ṣe oorun ló ń dùn mí. Kọ́tìnì ni! Ta ló rán kọ́tìnì ilé ìwé ńlá? Ta ló rán ti ilé ìwòsàn, ti gbogbo ìyàwó tuntun tó wọlé ọkọ ní àdúgbò yìí? Kí ni wọ́n ń pè mí tí mo bá jáde? Ìyá Oníkọ́tìnì. Ọmọ Ìyá Oníkọ́tìnì wá ń sùn lẹ́yìn kọ́tìnì tí nọ́ọ̀sì rán! Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ènìyàn ní ìdí ni tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí a fi ń ránṣọ. O sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá rán irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, á tú u kó tó jẹun.

Mú téèpù, kí o wọn fèrèsé yẹn. Má fojú díwọ̀n, mo mọ ojú rẹ. Lọ́jọ́ tí tèmi bá dé, tú tirẹ̀ wálẹ̀ kí o dá a padà fún un.

Má ṣàníyàn nípa yàrá rẹ. Ìyàwó wa ló ń sùn níbẹ̀. Ó ní fèrèsé ibẹ̀ tu òun lára. Ó ń tọ́jú mi gan-an, kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan omi. Ọmọ mi ni mò ń pè é.

Ìyá rẹ (èyí tó bí ọ)

*

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ìwọ̀n fèrèsé wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, yàrá ta ni ẹ ní ìyàwó wa ń sùn? Ṣé òun ò ní ọkọ ni? Ṣé ọkọ òun ò ní bẹ́ẹ̀dì? Èmi náà tí mo jẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn, èmi tí mo ti wà ńbẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, orí ìrọ̀rí mi ló wá gbé orí lé! Màmá, fèrèsé yẹn, èmi ni oòrùn rẹ̀ mọ̀. Ara ògiri ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ sórí ìrọ̀rí, á wá gbóná sí mi létí, n ó sì jí fúnra mi kí ẹ tó pè mí. Ṣé etí rẹ̀ ló ń gbóná sí báyìí? Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé yín, inú ń bí mi ṣáá. Mo ń jó bí iná lórí bẹ́ẹ̀dì tí mi ò lè gbé wá síbí.

Ẹ ní “ọmọ mi” ni ẹ ń pè é. Ó dáa.

Ìyá onílé ní kí n máa jáde láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè rí mi lójú, kí n sì fi alẹ́ sílẹ̀ fún òkùnkùn. Mò ń ṣe é. Mi ò pè é ní Màmá nínú ìwé yìí, ẹ ṣàkíyèsí.

Ọmọ yín tó ní yàrá,
Abẹ́-Máṣíìnì

*

Ogúnjọ́, oṣù kẹjọ

Abẹ́-Máṣíìnì mi,

O ti rí ẹrù. Tú u jẹ́jẹ́.

Aṣọ mẹ́ta ni mo fi lé ara wọn: dúdú méjì, àti èyí tó nípọn láàárín. Mo gbé e sókè síwájú oòrùn ọ̀sán, mo ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ní ti àárín tí ìmọ́lẹ̀ orogún mi ń gbà wọlé, èmi ò fi àárín sílẹ̀. Mo rán apá méjèèjì pọ̀ látòkè délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kó wá mú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dání. Fi ìṣó kàn án mọ́ igi fèrèsé yí ká, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà jò.

Ìyàwó wa ní, “Màmá, kọ́tìnì tí kò ṣeé ṣí, ṣé kọ́tìnì ni àbí ògiri?” Mo ní kó lọ wá nǹkan ṣe.

Pe ìyá onílé rẹ wọlé kó wá wò ó. Má sọ ohunkóhun. Ṣá jẹ́ kó wò ó.

Ìyá Oníkọ́tìnì

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Lọ́jọ́ tí mo kàn án, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ọ̀sán, mo sì ń fọwọ́ wá bàtà mi. Mo sùn bí ọmọ tuntun. Mo ti tú ti ìyá onílé wálẹ̀ bí ẹ ṣe sọ. Ó gbà á, ó ká a, ojú sì tì mí díẹ̀.

Ó wá wo tiyín. Ó fi ìka tọ ojú rírán àárín yẹn látòkè délẹ̀, ó ní, “Ìyá rẹ mọṣẹ́.” Ohun tó sọ gan-an nìyẹn. Ó wá bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣí i. Mo ní kì í ṣí.

Màmá, nǹkan ti ń yí padà níbí. Alẹ́ ti padà dé, ó sì ń gùn sí i. Ìyá onílé ní tó bá máa fi pẹ́ díẹ̀, òkùnkùn ló máa pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ ni n ó sì máa wá kiri. Wọ́n ti fi mí sí iṣẹ́ ọ̀sán, aago mọ́kànlá ni mò ń wọlé. Tí mo bá fi máa jáde, ilẹ̀ á ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó bá gba fèrèsé yàrá mi wọlé nìkan ló máa kù fún mi. Ṣé kí n mú àlùmọ́gàjí, kí n la àárín rẹ̀ díẹ̀? Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án láìbi yín.

Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ó ti kúrò ní yàrá mi?

Abẹ́-Máṣíìnì

*

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá

Ìwọ ọmọ yìí,

Àlùmọ́gàjí? Kí wọ́n fi kan kí ni?

Kì í ṣe ìwọ lo ro ìyẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìwé rẹ. Obìnrin tó ní mo mọṣẹ́, tó tún ń wá bí wọ́n ṣe máa la iṣẹ́ náà sí méjì, kí ló ń jẹ ẹ́ bí kò ṣe owú? Èmi mọ owú, èmi náà ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Oorun tí kọ́tìnì mi fún ọ ló ń dùn ún. Ní oṣù kẹfà, òkùnkùn ló dára. Ìgbà tí èmi wá rán òkùnkùn tó dára ju tirẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ló wá dára!

Ọjọ́ tí irin bá kan kọ́tìnì yẹn, mọ̀ pé èmi lo gé.

Ìyàwó wa ò kúrò. Ó ti gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ wọ ibẹ̀.

Ìyá rẹ

*

Ọgbọ̀njọ́, oṣù kọkànlá

Abẹ́-Máṣíìnì,

O ò fèsì. Mo ní kó jẹ́ pé ìwé ló pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n ìwé kì í pẹ́ tó báyìí. Ìyàwó wa pè ọ́, ó ní fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ṣé ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí yẹn ló bí ọ nínú? Àbí ìyá onílé rẹ ti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi tán, tí o ò tún ní nǹkan sọ fún aránṣọ?

Kọ̀wé, kódà kó jẹ́ èébú lo fẹ́ bú mi.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá

Ọkọ mi pàtàkì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi ìyàwó yín ni. Màmá ò mọ̀ pé mo ń kọ ìwé yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sùn ní yàrá yín rí. Mo ní ọkọ, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó kàn ń hanrun ni. Màmá fúnra wọn ló ń sùn níbẹ̀. Ìrọ̀rí tí wọ́n ní mo gbé wọlé, tiwọn ni. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń parọ́ mọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń rí lára.

Ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni pé àwọn kan kọ́ ilé epo sí ọ̀ọ́kán fèrèsé yàrá Màmá. Iná ibẹ̀ funfun bí ọ̀sán, kì í kú. Bí ẹ ṣe ní oòrùn tí kì í wọ̀ lọ́hùn-ún, àwọn náà ní tiwọn níbí. Wọ́n sá lọ sí yàrá yín tó wà lẹ́yìn, ilé epo tún gbé iná mìíràn sí ẹ̀yìn fún àwọn ọkọ̀ ńlá. Wọn kì í sùn mọ́, Ọkọ mi. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n rán kọ́tìnì fún ara wọn. Wọ́n ní gbogbo aṣọ dúdú tí àwọn ní ti wọ inú tiyín, àwọn ò sì ní owó òmíràn báyìí. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ìyá Oníkọ́tìnì ò ní kọ́tìnì.

Ẹ má bínú sí mi nítorí yàrá. Mo ti ń ṣọ́ra fún yín láìṣẹ̀.

Ìyàwó yín

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejìlá

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, ẹ fi orí jì mí. Kì í ṣe ìbínú. Oorun ni.

Mò ń sùn, Màmá. Mò ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ. Oòrùn ibí ti di àlejò, aago mẹ́wàá ló ń yọ, kò sì ní jókòó pẹ́. Lẹ́yìn kọ́tìnì yín, mi ò mọ̀ pé ó wá rárá. Mo gbé aago sí etí, mi ò gbọ́. Mo máa jí, mo máa rò pé àárín òru ni, mo máa tún dùbúlẹ̀, ìgbà tí n ó fi tanná, mo ti pẹ́. Mo dé ibi iṣẹ́, kò sí fèrèsé. Mo jáde, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú ọjọ́ kẹ́yìn. Ó ń rẹ̀ mí nínú oorun gan-an. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún lásán, ṣùgbọ́n mo ti ń sunkún lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn olówó. Mi ò lè kọ̀wé sí yín, torí kí ni n bá kọ? Pé kọ́tìnì yín dára jù?

Ọ̀gá ti kọ̀wé sí mi. Tí mo bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí i, iṣẹ́ ti tán. Ìyá onílé ló ń gun àtẹ̀gùn wá kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀ báyìí, òun ni mo fi ń tètè dé. Ṣùgbọ́n tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin títí òtútù á fi lọ. Ọmọ tirẹ̀ yẹn wá síbí lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ní kíṣínì, mo dúró sórí àtẹ̀gùn, owú ń jẹ mí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, èmi náà ní ìyá.

Ẹ ní tí irin bá kàn án, ẹ̀yin ni mo gé. Mi ò gé e. Mi ò ní gé e.

Ẹnìkan ti sọ fún mi nípa ilé epo, ẹ má béèrè ẹni náà. Mo sọ ọ́ fún ìyá onílé. Ó wọlé, ó gbé kọ́tìnì tí mo tú fún un jáde, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Ó wà nínú ẹrù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà.

Abẹ́-Máṣíìnì yín

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Ìyàwó wa ti jẹ́wọ́. Mo bá a jà, mo sì fún un ní ìpápánu.

Ẹrù yín dé lánàá. Mo tẹ́ kọ́tìnì náà sórí tábìlì, mo wò ó tinú tòde. Ìṣẹ́tí rẹ̀ wọ́. Òwú funfun ló fi rán aṣọ dúdú, irú èyí wo nìyẹn? Mo ti mú un lọ sídìí máṣíìnì kí n tú u tún ṣe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, iná ilé epo ti tàn, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Yàrá rẹ dúdú. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo ní kí n kàn na ẹ̀yìn.

Kí ló dé tí o ò sọ pé ó ní ọmọ tirẹ̀ látìgbà yìí? Ì bá ti dín owó òwú mi kù.

Gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dáadáa. Lọ sídìí kọ́tìnì mi, kí o yọ ìṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ àárín, lápá ẹ̀yìn. Wàá rí kókó òwú kékeré kan tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ìṣẹ́tí. Tú kókó yẹn, kí o sì fa òwú náà. Á tú látìsàlẹ̀ dókè, láìsí àlùmọ́gàjí. Mo ti ṣẹ́tí apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó so wọ́n pọ̀. Ta ló ń rán kọ́tìnì tí kò ní ṣí, èmi Ìyá Oníkọ́tìnì? Lọ́jọ́ tí mo ń rán an ni mo ti mọ̀ pé ó máa tó ṣí. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa sọ fún ọ.

Èmi ló wá sọ fún ọ yìí. Ṣí i láràárọ̀. Gbé ojú rẹ sí ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn kó tó sá lọ. Tó bá di alẹ́, pa á dé. Má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí owú mi.

Tó o bá ń kọ̀wé, o lè máa pè é ní Màmá. Má ṣe pè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kan náà.

Ìyá rẹ

Mo gbàgbé: sọ fún un pé mo dúpẹ́, pé mo sùn. Má sọ fún un pé oòrùn ti gba àárín kọ́tìnì rẹ̀ wọlé, ó ti gbóná sí mi létí kí n tó jí.